Ẹ̀RỌ OWÓ DÉ ỌJÀ ÌWÓ: ỌWỌ́ TA NI KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí ó bá ojú àwọn baba wa kọ́ ni ó bá ojú tiwa. Ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú wa lónìí, ìtàn ni yóò jẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Nínú gbogbo ohun tí ó ti yí padà ní ìlú Ìwó, ìlú Olódídẹrẹ́, láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, kò sí èyí tí ó wọ inú ọjà, inú ilé àti inú àpò olúkúlùkù bí ọ̀nà tí a ń gbà san owó. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, kì í ṣe láti yin ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe láti bú u, bí kò ṣe láti bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí oúnjẹ òòjọ́ ọ̀pọ̀ ìyá wa rọ̀ mọ́: nígbà tí owó bá ti di nọ́ńbà, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà?

Ẹni tí ó bá dé Ọjà Odò-Orí yóò rí ohun tí a ń wí. Lábẹ́ agbòòrùn ńlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó ti tábìlì kékeré. Ẹ̀rọ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì wà níwájú rẹ̀. Èyí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní POS. Ìyá tí ó ta èlùbọ́, àgbẹ̀ tí ó ti oko dé, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ oní-POS ni gbogbo wọn ń lọ. Ibi tí bánkì kò dé, agbòòrùn ti dé ibẹ̀.

OWÓ TI YÍ ÀWỌ̀ PADÀ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí owó yóò yí àwọ̀ padà ní ilẹ̀ Yorùbá. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún alágbára. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ọ̀kẹ́ ogún lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn ní láti wá ogún ènìyàn tí yóò rù ú. Márùn-ún márùn-ún ni a ń ṣa ẹyọ kà, ọwọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà sì yá ju bí ojú ṣe lè tẹ̀lé e lọ.

Lẹ́yìn èyí ni owó àwọn Òyìnbó dé. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ṣílè, sísì, tọ́rọ̀ àti kọ́bọ̀ sì gba ọjà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́ùn, náírà méjì sì dípò pọ́ùn kan. Títí di òní, àwọn àgbà wa ń pe igba náírà ní àpò kan, nítorí pé ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni í ṣe. Owó kú, orúkọ rẹ̀ kò kú.

Ìyípadà wọ̀nyí kò dẹrùn. Ẹni tí ó tọ́jú ọ̀kẹ́ ẹyọ sí àjà, tí kò sí ẹni tí ó tètè sọ fún un pé ayé ti yí, òfo ni ó bá pàdé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yí padà láti ayé ẹyọ títí dé ayé náírà bébà: ẹni tí ó ni owó lè fi ojú rẹ̀ rí i, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á, ó sì lè dì í mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀. Ìyá tí kò mọ ìwé mọ àwọ̀ igba náírà yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹgbẹ̀rún, kò sì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò. Èyí gan-an ni ẹ̀rọ tuntun yìí gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE DÉ ÀTI BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Tẹlifóònù alágbèéká ni ó la ọ̀nà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001 ni ìjọba ta àṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe é, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún náà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní 2007, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan gbé M-Pesa jáde, àwọn ará oko àti ará ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn láti orí tẹlifóònù láìní ìwé bánkì kankan. Ní ilẹ̀ wa, ní 2011, a ṣe ètò tí ó jẹ́ kí owó lè ti bánkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní 2012 Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìdín owó bébà kù láti Èkó. Ní 2013 ó ṣe òfin fún àwọn aṣojú tí yóò máa ṣe iṣẹ́ bánkì ní àdúgbò. Ní 2014 a sì bẹ̀rẹ̀ sí fún oníbàárà bánkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà BVN, tí a so mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a bá ki káàdì bọ̀ ọ́, yóò ka nọ́ńbà tí ó wà nínú irin kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ojú káàdì náà. Oníkáàdì yóò tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rọ yóò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gba ojú òfuurufú, bí tẹlifóònù ti í ṣe, sí ilé-iṣẹ́ tí ó so gbogbo bánkì pọ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti dé bánkì tí ó ni káàdì. Bánkì náà yóò wò bóyá owó tó, yóò yọ ọ́, yóò sì dá èsì padà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, ohun tí a fi ń ka orí kan dé márùn-ún ti tó fún gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá já lẹ́yìn tí bánkì ti yọ owó, tí èsì kò sì tíì padà dé, ẹ̀rọ yóò ní iṣẹ́ náà kò yọrí, bẹ́ẹ̀ owó ti kúrò. Owó náà kò sọnù. Ojú ọ̀nà ni ó há sí, bánkì sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Síbẹ̀, ẹni tí owó ọjà rẹ̀ há fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyà ọjọ́ mẹ́ta ni ó jẹ ẹ́.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ A KÒ LÈ SẸ́

A kò ní jẹ́ aláìmoore. Àwọn oníṣòwò Ìwó tí ń ná ọjà Ìbàdàn mọ bí àyà ti í já ènìyàn nígbà tí gbogbo owó ọjà bá wà nínú àpò kan ṣoṣo nínú ọkọ̀, tí ọwọ́ àwọn adigunjalè sì lè tó o ní gbàgede. Lónìí, obìnrin lè gun ọkọ̀ láti Ìwó dé Ìbàdàn kí owó tí ó fi ń ra ọjà má wà lára rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó ní ọmọ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kò dúró de awakọ̀ mọ́ kí ó tó rí owó oògùn gbà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọn kò rí iṣẹ́, rí ibi fi ìdí kalẹ̀ sí lábẹ́ agbòòrùn.

Ẹ sì jẹ́ kí a fi í wé àjọ tí a bá láyé. Ìyá tí ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò dá ₦15,500. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì fún un ní ₦15,000. Bí oní-POS bá ń gba ₦100 lórí ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ₦300 ni yóò gbà lórí ₦15,000 kan náà. Nípa ti iye, ẹ̀rọ kò wọ́n ju alájọ lọ.

Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́ ni a fi ń díwọ̀n nǹkan. Alájọ ń wá ìyá náà dé ìdí àtẹ rẹ̀. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá, ìlà tí ó fà sí i hàn kedere fún ẹni tí kò mọ ìwé. Bí ó bá sá lọ, agbo ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, a lè lọ bá baba rẹ̀. Bí owó bá há sínú ẹ̀rọ ńkọ́? Agbo ilé wo ni a ó lọ? Ọ̀dọ́ tí ó jókòó lábẹ́ agbòòrùn kì í ṣe ẹni tí ó mú owó náà. Òun pẹ̀lú ń dúró de ẹni tí kò mọ̀ rí.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍ 2023

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000, àti pé àwọn ti àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù Kìíní ọdún 2023; lẹ́yìn náà ni a sún ọjọ́ náà sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Àwọn ènìyàn kó owó àtijọ́ lọ sí bánkì, ṣùgbọ́n tuntun kò tó láti fi dípò. Owó bébà tí ó ju tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ nílùú ní oṣù Kẹwàá kò tó tírílíọ̀nù kan mọ́ nígbà tí ó di oṣù Kejì.

Kò sí ìlú Yorùbá kan tí kò jẹ nínú ìyà náà. Ènìyàn ní owó ní bánkì, kò rí owó ọkọ̀. Tòmátì ń jẹrà lórí àtẹ nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ rà á kò ní bébà lọ́wọ́, ẹni tí ó sì ń tà á kò ní nọ́ńbà bánkì. Oní-POS tí ó rí owó díẹ̀ ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ní ibòmíràn ìdá kan nínú márùn-ún. Ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, ìbínú gbé àwọn ènìyàn jáde sí ojú pópó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Kí ọdún náà tó parí, a tún sún un síwájú láìdá ọjọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò fẹ́ ẹ̀rọ rí ni a fi ipá tì sínú rẹ̀. Ìyá tí kò mọ nọ́ńbà kan yàtọ̀ sí èkejì ní láti gba káàdì ní wàrànṣeṣà, nítorí pé bí kò gbà á, kò ní tà. Ẹni tí a kọ́ ní odò wíwẹ̀ kí ó tó bọ́ sómi kò rí bí ẹni tí a tì sí i. Ìṣòro tí a ń rí lónìí, láti ìgbà ìtìkiri náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ A Ń FI SÍ GBANGBA

A ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbòòrùn, a sì ti rí ohun tí ó kọ wá lóminú. Ìyá àgbà kan yóò na káàdì rẹ̀ sí oní-POS, yóò sì gbé ohùn sókè pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú gbogbo ẹni tí ó wà ní ìdúró. Ẹlòmíràn kọ ọ́ sára bébà, ó sì ká a mọ́ káàdì náà. Ẹlòmíràn fi tẹlifóònù, káàdì àti nọ́ńbà lé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí ọmọ náà bá sì sọ pé ó kù ní bánkì ni ìyá gbà pé ó kù. A kò sọ pé olè ni gbogbo ọmọ, a kò sì sọ pé olè ni gbogbo oní-POS. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan ní Ìwó tí yóò fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ kí ó sì jókòó sí ìta máa gbàdúrà. Nọ́ńbà mẹ́rin yìí ju kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ: ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, tí káàdì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ẹni tí ó ni owó ti di ọgbọọgba lójú ẹ̀rọ.

Ọgbọ́n àrékérekè kejì ni ti alẹ́ẹ̀tì èké. Oníjìbìtì yóò ra ọjà, yóò ní òun ti fi owó ránṣẹ́, tẹlifóònù ìyá yóò sì dún. Ìwé kúkúrú tí ó wọlé jọ ti bánkì ní ohun gbogbo, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Kí ìyá tó mọ̀, ẹrù ti lọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a má ṣe gba ìró tẹlifóònù gbọ́, kí a wo iye tí ó wà nínú àpamọ́ kí ọjà tó kúrò lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè ka nọ́ńbà, kí ni yóò wò?

Ibí ni àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí a tó bí wa: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Àgbà ni ó ní owó, ọmọdé ni ọwọ́ rẹ̀ wọ ẹ̀rọ. Bí àwọn méjèèjì bá fi òtítọ́ ṣe é, ilé yóò tòrò. Bí ọ̀kan bá lo àìmọ̀ èkejì, owó nìkan kọ́ ni yóò bàjẹ́, ìbátan yóò bàjẹ́ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò wí pé, ‘Ẹ fi àwọn arúgbó sílẹ̀, ẹ̀kọ́ kò wọ orí wọn mọ́, ìran tí ń bọ̀ mọ̀ ọ́n.’ Èsì wa ni pé àwọn arúgbó yìí ni ó ni ọjà, ìran tí ń bọ̀ sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lórí owó wọn. Àwọn mìíràn yóò ní kí a padà sí owó bébà pátápátá. Ẹni tí ó bá rántí adigunjalè ojú ọ̀nà kò ní wí bẹ́ẹ̀. Odò kì í sì í ṣàn padà sẹ́yìn.

OHUN TÍ ÌLÚ LÈ ṢE

Ìwó kì í ṣe ìlú òpè. Láti ayé Olúwo Lamuye ni ìmọ̀ Kùránì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí a sọ pé wọn kò mọ ìwé ni ó kọ́ lẹ́tà Lárúbáwá lórí wàláà ní kékeré. Ẹni tí ó lè mọ lẹ́tà mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n lórí wàláà, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti mọ nọ́ńbà mẹ́wàá? Nọ́ńbà mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí a tò wọ́n sí ojú ẹ̀rọ tí ó ní bọ́tìnì kì í sì í yí padà: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta lókè; mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà láàárín; méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lẹ́yìn wọn; òdo nísàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ó ní bọ́tìnì, a fi kókó kékeré kan sí orí márùn-ún, tí ìka lè mọ̀ láìwò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lè fi ìka wá márùn-ún, kí ó sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí ìyókù wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ni ó tún kù tí kò gbọdọ̀ ṣàì mọ̀ lójú ẹ̀rọ: Approved, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé bánkì ti gbà, àti Declined, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé bánkì kọ̀.

Ta ni yóò kọ́ wọn? Àwọn olùkọ́ ń bẹ nílé. Yunifásítì Bowen, tí Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 2001 lórí ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi wà tẹ́lẹ̀, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ilé-Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ pẹ̀lú wà ní ìlú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ogún bá lè fi ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ jókòó ti àwọn ìyálọ́jà ní Odò-Orí, kí wọ́n mú ẹ̀rọ òfìfo dání, kí olúkúlùkù ìyá fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi mọ́ ọn lára, a kò mọ ẹ̀kọ́ tí ó níyelórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. A bẹ Kábíyèsí Olúwo àti àwọn ìjòyè kí wọ́n fi ẹnu sí i. A bẹ àwọn àlùfáà mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n rán àwọn ènìyàn wọn létí lẹ́yìn ìsìn pé nọ́ńbà àṣírí kì í ṣe ohun tí a ń pè síta.

Ẹ̀yin oní-POS, ọmọ wa ni yín. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú ẹ̀rọ fún ìyá, ẹ yí i kọjú sí i kí ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní rìsíìtì, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ń gbà sára pátákó níwájú yín. Oní-POS tí a bá mọ̀ sí olóòótọ́ ni ọjà yóò máa tọ̀ wá, bí a ti mọ alájọ rere láyé ìgbà kan.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wa, àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn bánkì ni a fi í ránṣẹ́ sí. Thomas Jefferson Bowen, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì Ìwó, ará Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa, kò ní kí gbogbo Yorùbá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Ó jókòó, ó kọ́ èdè wa, ní 1858 a sì tẹ ìwé gírámà àti ìwé ìtumọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní Amẹ́ríkà. Bí àlejò bá lè ṣe èyí nígbà tí kò sí iná mànàmáná, kí ni ó ń dá ẹ̀rọ tí a ń fi owó wa ṣe èrè lé lórí dúró láti sọ pé ‘Ẹ tẹ iye owó’, ‘Bánkì ti gbà’, ‘Bánkì kọ̀’? Àwọn kan nínú ẹ̀rọ tí ń pọ owó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bánkì ti ń bèèrè bóyá ènìyàn ń fẹ́ Yorùbá. A mọ̀ nígbà náà pé ó ṣeé ṣe. Kí èyí tí ó wà lábẹ́ agbòòrùn náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ohùn sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè kà.

Ẹ̀rọ ti dé, kò sì ní padà. Òun kọ́ ni ọ̀tá wa, òun kọ́ sì ni olùgbàlà wa; àpótí ni. Kí olówó ṣáà di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú ní ọwọ́ ara rẹ̀. A kí gbogbo ará Ìwó, nílé àti lẹ́yìn odi. Ọjà yóò tà o.